Bọ̀ọ̀lì Tó Gbóná Dé Ògbómọ̀ṣọ́

Bọ̀ọ̀lì tí wọ́n sun ní Rumuokoro, ní Port Harcourt, láàárọ̀ ṣì gbóná nígbà tí Ìyá Àgbà bù ú jẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí wọ́n tó pe ìrun alaásárì lọ́jọ́ kan náà. Títí dòní, bí ìtasánsán ọ̀gẹ̀dẹ̀ orí ẹyin iná bá ta sí mi nímú, ọjọ́ yẹn ni mo ń rántí.

Nǹkan bí ọdún 2002 ni, mo ṣì wà níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe lọ́jà Mile 3, ní Port Harcourt. Lọ́dún tó ṣáájú, bàbá wọn kú ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mùsùlùmí ni wá, a kì í jẹ́ kí òkú sùn. Bàbá mi sun inú mọ́tò mọ́jú, síbẹ̀ orí sàárè ni wọ́n bá. Ìyá wọn wò wọ́n, wọ́n ní: "Àjàní, bí èmi náà bá kú, èèpẹ̀ lo máa bá."

Bàbá mi máa ń sọ pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn, wọn kò sọ ọ́ mọ́. Wọ́n kàn ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù fún èmi pẹ̀lú wọn. Wọ́n bẹ obìnrin Ikwerre tó ń sun bọ̀ọ̀lì ní Rumuokoro pé kó tètè dáná. Nígbà tó gbọ́ ibi tí bọ̀ọ̀lì ń lọ, ó pariwo: "Plane? Oga, no use my bole play o!"

"Madam, today-today my mama go chop am."

Ló bá kó bọ̀ọ̀lì sínú kúlà oúnjẹ tá a gbé lọ, ó kó ẹja yíyan àti ata epo lé e, ó dé kúlà náà pa.

Mo gbá kúlà mọ́ra bí ọmọ tuntun. Láti ojú fèrèsé, àwọn odò wa rí bí okùn tí ẹnì kan dà sílẹ̀ sórí koríko. Ó lé díẹ̀ ní wákàtí kan ká tó dé Èkó. Lẹ́yìn tá a pààrọ̀ bàálù, kò tó wákàtí kan tá a fi dé Ìlọrin. Mo rò pé ẹnì kan ti ká ilẹ̀ bí ẹní. Takisí ló gbé wa dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Ìyá Àgbà ki ọwọ́ bọ kúlà, wọ́n fà á yọ kíá. "Ẹ má tàn mí o! Iná Ìlọrin ló sun èyí."

"Màmá, ta ló ń fi ẹja jẹ bọ̀ọ̀lì n'Ílọrin?"

Lóòótọ́, ẹ̀pà ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́ níbẹ̀. Ìyá Àgbà tọ́ ata náà lá. Wọ́n jẹ díẹ̀, wọ́n tún jẹ. Omi lé ròrò sójú wọn. "Àjàní, o lè dé bá mi nìyẹn."

Bàbá mi sì dé bá wọn. Lọ́jọ́ tí Ìyá Àgbà kú, bàálù àkọ́kọ́ láàárọ̀ ni Bàbá mi wọ̀. Àwọn fúnra wọn ló wọ inú sàárè gba ìyá wọn.

Wàyí o, Bàbá mi ti darúgbó, wọ́n ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi tí mo ti di oníròyìn ni mo kù sí Rumuola, ní Port Harcourt. Lójú ọmọdé, idán ni bàálù. Nísinsìnyí, bí mo bá jí, àkókò tó máa gbéra ni mo kọ́kọ́ ń wò lórí fóònù, kí n tó bọ́jú, nítorí ìpè òjijì láti ilé.

Láìpẹ́ yìí, mo bi òṣìṣẹ́ kan ní pápákọ̀ òfuurufú léèrè. Ó ní ètò ń lọ lórí bàálù tó máa lọ tààrà sí Ìlọrin, tí kò ní yà sí Èkó mọ́. Mo pe Bàbá mi, mo sọ fún wọn.

"Sọ fún wọn kí wọ́n tètè ṣe é," ni wọ́n wí, "nígbà tí mo ṣì lè fi ẹnu ara mi jẹ bọ̀ọ̀lì."