Ìdí Tí Bàbá Oníjó Fi Ń Bọ́ Bàtà

Ẹnu àbúrò mi obìnrin kì í gba ọ̀rọ̀ dúró. Àyà mi já nígbà tó ní wọ́n ti gba òun láti kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní ijó, orin àti eré orí ìtàgé.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tìbànújẹ́-tìbànújẹ́ ló wọlé. Ó ti rò pé ibi ìdùnnú ni. Ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibẹ̀ ń rùn fún òógùn àti ìpara tí wọ́n fi ń wọ́ ẹsẹ̀. Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín níwájú dígí. Bí wọ́n bá ti kúrò níbẹ̀, ojú wọn á le. Ọmọbìnrin kan ń sunkún lórí àtẹ̀gùn, gbogbo èèyàn ń kọjá lára ẹ̀, wọ́n rò pé ó ń fi dánra wò ni.

Abẹ́ àgbàlagbà tó ń kọ́ wọn níjó ni wọ́n fi í sí. Bàbá Oníjó ni gbogbo wọn ń pè é. Bàbá á bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, á fẹsẹ̀ lásán dúró lórí pákó, á tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ. Ẹni tó bá ṣi ẹsẹ̀ gbé, kódà kó wà lẹ́yìn pátápátá, Bàbá á tọ́ka sí i.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ orin dákẹ́ láàárín ijó. Àwọn ọmọ ò dúró, Bàbá náà sì ń mirí lọ. Àbúrò mi wò ó títí. Nígbà tí àwọn ọmọ jáde, Bàbá pè é.

"O ti mọ̀, àbí? Etí mi ti lọ. Ẹsẹ̀ wọn ni mo ń gbọ́, látinú pákó. Bí o bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, máa wá síwájú mi, kí n lè rí ẹnu ẹ. Má sọ fún wọn o. Ilé ni wọ́n máa ní kí n lọ, kò sì sẹ́nì kankan nílé."

Ó ṣèlérí. Èmi gan-an ò gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu ẹ̀, ìyẹn sì yà mí lẹ́nu.

Àfi ìgbà tí púrínsípà pe àwọn olùkọ́ jọ. Olùkọ́ orin ní Bàbá ti darúgbó jù, ó yẹ kó sinmi. Inú bí àbúrò mi.

"Èèyàn tí ò gbọ́ orin rárá, tó ṣì ń mọ ẹni tó ṣi ẹsẹ̀ gbé! Ta ló tó bẹ́ẹ̀ nínú yín?"

Gbogbo wọn yíjú sí Bàbá. Bàbá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wọn. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun ni wọ́n ń sọ.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n ti ní kó máa lọ sílé. Wọn ò sọ ẹni tó tú u fó fún un. Àbúrò mi ni wọ́n gbé kíláàsì ẹ̀ fún.

Ó bá Bàbá lẹ́nu ọ̀nà yàrá ijó, níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ tó ń so okùn bàtà. Ó dúró lẹ́yìn ẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, èmi ni mo sọ ọ́. Ẹ dárí jì mí."

Bàbá so okùn tán, ó dìde, ó yíjú, ó rí i. Ó fọwọ́ gbá a léjìká.

"Inú mi dùn pé ìwọ ni wọ́n fún," ó ní. "Bá mi tọ́jú wọn."

Ó mú àpò ẹ̀, ó lọ.

Mo bi àbúrò mi pé kí ló dé tí ò lọ síwájú ẹ̀ kó tún un sọ. Kò wojú mi.

"Mo ṣáà ti bẹ̀ wọ́n," ó ní.