Ọjọ́ Tí Wọ́n Pa Fèrèsé Dé Mọ́ Ìyá Mi

Kékeré ni mo wà, n kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i pé èèyàn lè fi orúkọ Ọlọ́run lé ọmọnìkejì rẹ̀ síta. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ máa ń bi mí pé kí ló dé tí ojú mi fi máa ń le nígbàkúùgbà tí pásítọ̀ kan bá yà sílé wa, tí n kì í sì í yára ṣe àmín bíi tàwọn ìyá yòókù. Ó dáa, ẹ jókòó. N óò sọ ọ́ fún yín lónìí, n kò sì ní fi oyin sí i.

Ìkìrun ni wọ́n bí mi sí. Tíṣà ni bàbá mi, Áńgílíkà pọ́nbélé sì ni wọ́n. Àwọn ni wọ́n máa ń ka ẹ̀kọ́ kejì ní ṣọ́ọ̀ṣì, nínú kóòtù dúdú kan tó ti ń ṣá léjìká. Ọmọ Inísà ni ìyá mi, ilé Onítẹ̀bọmi ni wọ́n sì ti wá. Bàbá tó bí wọn wà lára àwọn tó po amọ̀ tí wọ́n fi mọ ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ ní àdúgbò wọn. Ìyá mi ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan ṣoṣo, díákónì ni. Ẹ ó gbọ́ pé n kò ní máa fi “wọ́n” pè é. Mo mọ̀ pé kò bójú mu kí ọmọ Yorùbá máa pe ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní “ó”, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń pè é nínú ọkàn mi láti ọjọ́ yẹn nìyẹn, ọjọ́ ogbó mi kọ́ ni n óò ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yí i padà.

Nígbà tí ìyá mi fẹ́ wọlé ọkọ, ẹ̀gbọ́n wọn yìí sọ fún wọn pé omi tí wọ́n ń wọ́n síni lórí ní ṣọ́ọ̀ṣì bàbá mi kì í ṣe ìrìbọmi rárá, àwàdà ni. Ìyá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n tẹ̀ lé ọkọ wọn. Wọ́n sì wọ kúáyà ní Ìkìrun. Èèyàn kúkurú ni ìyá mi, ṣùgbọ́n ohùn wọn tóbi jù wọ́n lọ. Tí wọ́n bá gbé orin, àwọn tó ń ti ọ̀nà oko bọ̀ á dúró lẹ́bàá ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì láti gbọ́.

Ọdún tí mo sọ yìí ni gìrì bẹ̀rẹ̀ sí í mú àbúrò mi obìnrin. Kò ju ọmọ ọdún méjì lọ. A gbé e lọ sí ọsíbítù, wọ́n fún wa lóògùn, ó rọlẹ̀, ó tún padà. Àwọn àgbà ìjọ wá, wọ́n ka àdúrà inú ìwé, wọ́n mu omi, wọ́n lọ. Ìyá mi ní ọ̀rẹ́ kan tó ń ta iyọ̀ àti ẹja gbígbẹ ní Òkukù, ìjọ aláṣọ funfun ni obìnrin yẹn ń lọ. Wọ́n wá kí wa, wọ́n bá ọmọ náà níbi tó ti ń le gbandi lọ́wọ́ ìyá mi, wọ́n sì ní, “Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ilé àdúrà wa.”

Bàbá mi fárígá. Wọ́n ní, “O ò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ yẹn. Kí ni àwọn èèyàn á wí?”

Ìyá mi dá wọn lóhùn pé, “Àwọn èèyàn tí ẹ ń wí yìí, ṣé àwọn ló bá mi di ọmọ yìí mú láàárọ̀?”

Ní ọjọ́ kejì, ìyá mi pọn àbúrò mi, wọ́n gbé àpò lé mi lórí, a wọ rélùwéè lọ sí Òkukù.

Ọjọ́ méje la lò níbẹ̀. Ilé pẹlẹbẹ kan ni, yanrìn funfun ni wọ́n dà sílẹ̀ rẹ̀, a bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń fi omi wẹ ọmọ náà láràárọ̀. Ẹ̀rù bà mí lákọ̀ọ́kọ́ nítorí n kò rí irú ẹ̀ rí. Àbúrò mi gbádùn. N kò sọ pé omi yẹn ló wò ó sàn, n kò sì sọ pé òun kọ́. Oògùn ọsíbítù ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn obìnrin ibẹ̀ ń gba ọmọ náà lọ́wọ́ ìyá mi ní ọ̀sán kí wọ́n lè ráyè sùn. Láti bí oṣù mẹ́ta, n kò tíì rí ìyá mi kí wọ́n fi orí lélẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń hanrun. Mo jókòó tì wọ́n, mo ń lé eṣinṣin.

Sáńńdè tó tẹ̀ lé e, a ti dé Ìkìrun. Ìyá mi wọ aṣọ kúáyà wọn, inú wọn ń dùn, wọ́n fẹ́ wá dúpẹ́. Wọn ò tíì lu agogo ìsìn nígbà tí ìyá tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin ìjọ dìde wá bá wọn lórí ìjókòó. Kò fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló gbọ́.

“A ti gbọ́ pé Òkukù ni o wà, pé o lọ ń pàtẹ́wọ́, o ń yí yanrìn bí adìyẹ. Ibí kì í ṣe ilé eré. Bọ́ aṣọ yẹn.”

Ìyá mi wo iwájú, níbi tí bàbá mi jókòó sí pẹ̀lú Bíbélì lórí itan wọn. Èmi náà wò wọ́n. Gbogbo èèyàn ló ń wò wọ́n. Bàbá mi ṣí ojú ewé kan kọjá sí òmíràn, bíi pé wọ́n ń wá ẹsẹ tí wọ́n fẹ́ kà.

Ìyá mi bọ́ aṣọ náà. Wọ́n ká a dáadáa, wọ́n gbé e sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n gbé àbúrò mi pọ̀n, wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú, a gba àárín ṣọ́ọ̀ṣì jáde. Obìnrin kan rẹ́rìn-ín. Mo ṣì mọ ẹ̀rín yẹn.

Nígbà tí bàbá mi dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìyá mi gbé oúnjẹ fún wọn, wọ́n sì dúró tì wọ́n.

“Ẹ gbọ́ tí wọ́n ń lé mi.”

“Kí ni o fẹ́ kí n wí? Òfin ìjọ ni.”

“Ọmọ yín ló ń ṣàìsàn.”

“Mo mọ̀,” ni bàbá mi wí.

Láti ọjọ́ yẹn ni ilé wa ti pín sí méjì. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń tẹ̀ lé bàbá mi, àwa obìnrin ń wọ rélùwéè lọ sí Òkukù pẹ̀lú ìyá wa. Ọmọ ìyá kan náà, a ò jọ kọ orin kan náà mọ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi a máa pè wá ní ẹlẹ́sẹ̀ lásán, nítorí bàtà tí a ń bọ́, àwa náà a máa pè wọ́n ní ọ̀lẹ, ẹni tí kò lè gbàdúrà bí kò bá ríwèé. Ta ló kọ́ wa? Ẹnikẹ́ni ò jókòó kọ́ wa. Lẹ́nu àwọn àgbà la ti ń ṣà á.

Ọdún mẹ́ta kọjá, ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, kú ní Inísà. Aṣọ funfun ìjọ wọn ni ìyá mi wọ̀ lọ síbi ìsìnkú náà. Ọ̀rẹ́ wọn tó ń ta iyọ̀ bá wa lọ. A dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló dúró níbẹ̀ nínú kóòtù, ó na ọwọ́ dí ọ̀nà.

“Ìwọ lè wọlé,” ló wí. “Aṣọ yìí ò lè wọlé.”

Ìyá mi kúnlẹ̀. Àgbàlagbà obìnrin, ọlọ́mọ mẹ́rin, wọ́n kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́. “Bọ̀ọ̀dá mi, ìyá mi ni ẹ fẹ́ sin. N kò mú aṣọ mìíràn dání.”

“Ìyá ìjọ ni kó tó di ìyá tìẹ. Ìwọ lo mọ ibi tí o bọ́ aṣọ ìgbàgbọ́ wa sí.”

Ó wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé.

Ọ̀rẹ́ ìyá mi ní ká máa lọ. Ìyá mi kọ̀. Wọ́n rìn yí ilé náà ká, wọ́n dúró lábẹ́ fèrèsé onípákó kan tó ṣí sílẹ̀, tó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n gbé pósí kalẹ̀ sí. Ìyá mi kúrú, wọn ò lè rí inú, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbọ́. Èmi gun òkúta kan, mo ń yọjú, mo ń sọ ohun tí mo ń rí fún wọn. Ìgbà tí ìjọ gbé orin, ìyá mi gbé e láti ìta. Orin tí ìyá àgbà kọ́ wọn láti kékeré ni. Ẹ̀yin ọmọ, ohùn yẹn wọ ilé náà lọ bí omi. Mo rí i tí àwọn èèyàn ń yí orí padà. Mo rí ìyá arúgbó kan tó fi ìborùn nu ojú. Òmíràn tiẹ̀ dákẹ́ orin tirẹ̀ kó lè gbọ́ ti ìyá mi.

Nígbà náà ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi dìde. Ó rìn wá síbi fèrèsé. Ojú wa ṣe mẹ́rin, èmi àti òun. Mo rò pé ó fẹ́ sọ pé ká wọlé. Ó na ọwọ́ síta, ó fa pákó fèrèsé, ó pa á dé mọ́ wa, mo sì gbọ́ tó fi irin há a.

Ìyá mi dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Wọn ò sunkún. Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé pákó náà, wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ títí ìsìn fi parí. Ìgbà tí gbogbo èèyàn ti kúrò nídìí sàréè lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ jẹun, àwa mẹ́ta nìkan lọ síbẹ̀, ìyá mi bu iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan, wọ́n dà á sórí ìyá wọn, a lọ.

Bàbá mi dúró dè wá ní ìdíkọ̀ rélùwéè ní Ìkìrun. Wọ́n gba ẹrù lórí mi, wọ́n ṣíwájú. Mo rò pé ojú ń tì wọ́n. Ìtìjú wọn náà ò ṣe nǹkan kan fún wa.

Ó pẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà kí ìyá mi tó kú. Bàbá mi ti lọ, èmi fúnra mi ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti di ẹni ńlá. Ẹ wá wo nǹkan! Ìjọ mẹ́ta ló rán èèyàn wá sílé wa. Áńgílíkà ní aya ìjọ àwọn ni. Onítẹ̀bọmi Inísà ní ọmọ bíbí àwọn ni. Àwọn aláṣọ funfun Òkukù ò jiyàn, wọ́n kàn jókòó, wọ́n ń bá wa sunkún. Mo sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi pé àwọn tó ń sunkún yẹn ló máa sin ìyá wa, ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn kó máa lọ.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wà láàárín àwọn tó wá láti Inísà. Ó ti gbó gan-an, ọmọ rẹ̀ ló dì í mú. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun rí mi.

“Ọmọ mi, jẹ́ kí n gbàdúrà sí àbúrò mi lórí.”

Mo ní, “Bàbá, ẹ káàbọ̀. A ó gbé oúnjẹ fún yín, a ó wá mọ́tò tó máa gbé yín padà. Àdúrà ò sí lára ohun tí a ń bẹ̀ yín fún.”

Ó ní, “Nítorí ìgbàgbọ́ ni mo ṣe é. Mo rò pé Ọlọ́run ni mò ń jà fún.”

“Mo mọ̀, Bàbá. Ohun tó burú jù nínú rẹ̀ nìyẹn.”

Kò tọrọ àforíjì, èmi náà ò sì fún un ní èyí tí kò tọrọ. Nígbà tó kú, n kò lọ síbi ìsìnkú rẹ̀. Àwọn kan ní mo le jù. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ má fi mí ṣe àpẹẹrẹ, ìtàn ni mò ń sọ fún yín.

Ayé ti yí báyìí. Ní ibi tí a kọ́lé sí yìí, ní ọ̀nà tó lọ sí Inísà, ẹ jókòó sí fàráńdà yìí lọ́jọ́ Sáńńdè kí ẹ kà á: ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́jọ ni mo máa ń gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọn ń bú mọ́ra wọn. Àwọn ọ̀dọ́ tó jáde yunifásítì ń sáré lọ sí èyí tí pásítọ̀ rẹ̀ ń wọ ṣòkòtò jíìnsì. Ọmọ ọmọ mi obìnrin ń lọ sí ọ̀kan nínú wọn, Áńgílíkà sì ni ọkọ rẹ̀. Wọ́n jọ ń wọ mọ́tò kan náà, ọkọ á já a sílẹ̀, á máa lọ sí tirẹ̀, wọ́n á sì jọ jẹ ìrẹsì lọ́sàn-án. Ẹnikẹ́ni kì í bi wọ́n ní nǹkan kan. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rí wọn, inú á sì tún bí mi, débi pé n óò dìde wọ yàrá lọ.

Nítorí pé ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti bọ́ aṣọ lọ́rùn ìyá mi, ẹ lọ wò ó lónìí. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n ń jó. Wọ́n ń ta òróró síni lórí, wọ́n ń gbàdúrà sómi, wọ́n ń ṣe ìṣọ́ òru títí ilẹ̀ á fi mọ́. Gbogbo ohun tí wọ́n torí rẹ̀ lé obìnrin kan síta pẹ̀lú ọmọ aláìsàn lẹ́yìn ló ti di ohun tí wọ́n ń lẹ ìwé rẹ̀ mọ́ ògiri kiri ìlú. Kò sí Sáńńdè kan tí ẹnì kan dìde sọ pé, “A ṣẹ ìyá kan níbí rí.” Ẹ máa ń sọ pé àwọn ará àtijọ́ ti wá gba ara wọn láyè, pé ìfẹ́ ti wọ inú ìjọ. Ẹ̀yin lẹ wí bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo mọ̀ wọ́n, mo mọ̀ pé wọn ò yí padà. Wọ́n kàn kú ni.