Òdú Etí Ògiri ní Harburg

Alágídí ni Hàfúsátù Bádárù, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti bí i, ìmọ̀ ewéko ló lọ kọ́ ní Berlin, inú ilé gogoro kan ní àdúgbò Märkisches Viertel níbẹ̀ ló ń gbé. Lọ́dún 1986, ó kọ ìwé tó fẹ́ fi gba oyè Doktor. Ìlà kan ṣoṣo ló dá wàhálà sílẹ̀: ó kọ ọ́ pé Yorùbá ń se ewé òdú jẹ.

"Májèlé ni," ọ̀gá tó ń bójú tó ìwé náà wí. "Pa ìlà yẹn rẹ́ kí n tó fọwọ́ sí i."

"Èso tútù rẹ̀ ló léwu, mo sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ewé rẹ̀ ni màmá mi fi tọ́ mi dàgbà. Mi ò pa nǹkan kan rẹ́."

Òdú kì í ṣe àìmọ̀ fólóko, àmọ́ ọ̀gá yìí ò roko rí. Bí iṣẹ́ ọdún mẹ́fà ṣe wọgbó nìyẹn. Hàfúsátù sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Nígbà tó sun ún tán, ó di ẹrù rẹ̀, ó kọrí sí Hamburg, ó di olùkọ́ ní àdúgbò Harburg níbẹ̀.

Ní 1994, ó kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ wo koríko ọgbà iléèwé. Òdú ló rí létí ògiri ọgbà náà! Ó ní oúnjẹ ni. Ọmọlará, ọmọ Fàúsátù ará Ọ̀yọ́, ló kọ́kọ́ figbe ta: "Aber Frau Bádárù, das ist giftig!" Ó ní májèlé ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, òbí kan ti fẹjọ́ májèlé sun Direktor, ọ̀gá iléèwé. Direktor ní kí Hàfúsátù sọ níwájú àwọn òbí pé òun ṣàṣìṣe, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó wáṣẹ́ mìíràn.

Lọ́jọ́ ìpàdé, Hàfúsátù gbé ìkòkò wọlé. Ó ti bọ òdú, ó ti fi epo àti irú tó rà ní àdúgbò St. Georg sè é. Òórùn irú gba yàrá, ẹnì kan sáré ṣí fèrèsé. Ó bù ú, ó jẹ ẹ́, ó tún bù.

"Ewé yìí ti gba Doktor lọ́wọ́ mi. Tí ẹ bá fẹ́ gba iṣẹ́ mọ́ ọn, ẹ gbà á. Mi ò ṣàṣìṣe."

Fàúsátù dìde ní ìjókòó ẹ̀yìn, ó fi èdè Jámánì sọ ọ́ kí gbogbo wọn lè gbọ́: òun ń já ewé yìí lẹ́bàá ojú irin S-Bahn, òun sì ń sè é fún ọmọ òun látìgbà tó ti léyín. Òun kàn ń pè é ní Spinat, ẹ̀fọ́ àwọn òyìnbó, ni.

"Mama!" Ọmọlará tó jókòó tì í pariwo.

Direktor wo ọmọ tó ti ń jẹ májèlé láti kékeré, tó ga ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Kò dárúkọ iṣẹ́ mọ́.

Ṣùgbọ́n inú ń bí Hàfúsátù. "Spinat kẹ̀, Ìyá Ọmọlará? Ẹ pè é lórúkọ rẹ̀."

"Ẹ má bínú, mà," ni Fàúsátù wí. "Òdú ni."