Síìlì tí Ẹnjiníà Fi Gọ́ọ̀mù Bò Lọ́jọ́ Iléyá

Ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Ìsàlẹ̀ Èkó lọ́dún Iléyá yìí, nítorí inú ṣì ń bí mi.

Ọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tó ń pe ara rẹ̀ ní Ẹnjiníà. Ó kọ ọ́ sára ṣẹ́ẹ̀tì, ó kọ ọ́ sára àpótí irinṣẹ́. Tí ẹ bá pè é ní mẹkáníìkì, kò ní dáhùn. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ́ mi ní yunifásítì kò gbéra ga tó bẹ́ẹ̀, àwọn yẹn sì mọ ìgbéraga í ṣe.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ kun àgbò tán ni wọ́n mú iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ wa ti gbó; tí a bá fà á, á pariwo bí ẹni tí wọ́n jà lólè, á sì kú. Bẹ́ẹ̀ ni odindi itan àgbò wà nínú fírísà, ti àwọn àna ẹ̀gbọ́n mi ní Ìjẹ̀bú. Iléyá àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó rẹ̀ nìyí, ọjọ́ kejì ló sì fẹ́ gbé e lọ. Màmá mi lè dín ìyókù, ṣùgbọ́n ta ló ń gbé itan dídín lọ sílé àna? Níbo la sì ti fẹ́ rí yìnyín rà lọ́jọ́ ọdún?

La bá pe Ẹnjiníà. Ó gbé etí lé jẹnẹrétọ̀ bíi dókítà, ó ní síìlì ló ti jẹ, ìyẹn rọ́bà róbótó tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ráyè wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ó gbowó, ó jáde, ó padà dé kíá, ó ní òun ti rà á ní Ìdúmàgbò.

Mo bi í pé ṣọ́ọ̀bù ta ló ṣí lọ́jọ́ Iléyá.

“Akọ̀wé, ṣé wọ́n kọ́ yín ní síìlì ní yunifásítì ni?”

Màmá mi ní kí n fi í sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́. Ẹnjiníà kọ̀yìn sí wa, ó ṣe é tán, ó tàn án, ó lọ. Kò tíì dé ìkóríta tí jẹnẹrétọ̀ fi kú. Fóònù rẹ̀ kò wọlé mọ́.

Nígbà tó fi máa di àárọ̀, ẹran ti ń rùn. Mo da omi ọṣẹ sí ibi síìlì, mo fa okùn, ó ń hó yàà. Mo tú u. Gọ́ọ̀mù ni gbogbo rẹ̀! Lábẹ́ gọ́ọ̀mù, síìlì wa àtijọ́ ni. Ó kàn gé sípíríǹgì inú rẹ̀ kúrú kó lè fún mọ́ irin tó ń yí láàárín rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi lọ sí Ìjẹ̀bú lọ́wọ́ òfo.

Lọ́sàn-án, ta ló wọlé tòun ti ọ̀rá? Ẹnjiníà. Ó ní bárìká dé Sálà, òun wá gba ẹran tòun. Mo na síìlì náà sí i. Ó ní wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni, pé àwọn tó kàwé kò lè mọ̀ ọ́n.

Màmá mi dá a lóhùn jẹ́jẹ́. “Ẹ kú ọdún, Ẹnjiníà. Tiyín wà nínú fírísà. Odindi itan ni. Ẹ lọ ṣí i.”

Ó ṣí i.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé, tẹ́nikẹ́ni bá ní òun pààrọ̀ síìlì fún yín, ẹ gba èyí tó gbó sọ́wọ́ kí ó tó dé ìdérí. Ẹnjiníà wo ló ti ṣe ẹ̀yin náà báyìí rí? Ẹ kọ ọ́ síbí. Ẹni tó bá fẹ́ gbèjà wọn náà lè kọ tiẹ̀, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ dé Ìjẹ̀bú, kó lọ ṣàlàyé fún àwọn àna wa.