Ọ̀sẹ̀ Mẹ́jọ Fúnmi ní Yàrá Ìgbẹ̀bí Òrè

Nígbà tí Olúfúnmilọ́lá Akínṣọlá ń bọ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, báàgì ńlá méjì ló gbé. Aṣọ ló kún ọ̀kan. Èkejì kún fún ìwé pélébé-pélébé tó fẹ́ fi kọ́ àwọn aboyún bí wọ́n ṣe lè ṣètò ìrọbí wọn. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, iṣẹ́ agbẹ̀bí ló ń kọ́ ní yunifásítì, ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan lọ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣiṣẹ́ ní ọsibítù kan lókè òkun. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yan Ọsirélíà. Fúnmi ní Òrè lòun ń lọ, nítorí ọmọ Odigbo ni ìyá tó bí i, àti nítorí pé, bó ṣe kọ ọ́ sínú ìwé tó fi tọrọ àyè, ó fẹ́ lọ ran àwọn èèyàn òun lọ́wọ́. Tó bá rántí gbólóhùn yẹn báyìí, ṣe ló máa ń fi ọwọ́ bojú.

Ilé Màmá Lọ́pẹ́, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ló dé sí ní Odigbo. Láràárọ̀, Màmá á gbàdúrà lé e lórí nínú aṣọ funfun ìjọ wọn, á sì fi í lé ọlọ́kadà lọ́wọ́, ó di ọsibítù Òrè. Kò tíì pé ọjọ́ mẹ́ta tí àwọn ìwé pélébé yẹn fi ríṣẹ́ ṣe. Iná lọ, ooru mú, àwọn aboyún tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n fẹ́ra. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní òmíràn, tèmi ti rọ̀."

Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló wá burú jù. Yorùbá orí tẹlifóònù ni Yorùbá tirẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, obìnrin kan ń rọbí, Fúnmi di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fẹ́ sọ fún un pé kó mí, àmọ́ ohùn rẹ̀ já wálẹ̀.

"Ẹ mì, Mà," ló ń wí. "Ẹ mì dáadáa. Ẹ mì kanlẹ̀."

Obìnrin náà gbọ́ràn. Ó di irin bẹ́ẹ̀dì mú, ó ń mi ara láti òkè délẹ̀ títí gbogbo bẹ́ẹ̀dì fi ń dún kẹ̀kẹ̀. Sístà Olúrónkẹ́, ọ̀gá àwọn agbẹ̀bí, sáré wọlé, ó bèèrè ohun tó ń ṣe é.

"Nọ́ọ̀sì òyìnbó ló ní kí n máa mì," ni obìnrin náà wí.

Kó tó di ọjọ́ kejì, gbogbo wọ́ọ̀dù ti ń pè é ní Nọ́ọ̀sì Ẹ-mì. Òun fúnra rẹ̀ ló ròyìn rẹ̀ fún Màmá Lọ́pẹ́, ó sì fi kún un pé àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé mímì yẹn ló jẹ́ kí ọmọ náà tètè dé.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ̀rọ tó gbé wá, tó fi ń gbọ́ ìró ọkàn ọmọ inú oyún, kú fin-ín-fin-ín. Sístà fún un ní fèrè onígi kékeré kan, èyí tí wọ́n ń gbé lé ikùn, tí wọ́n á wá fi etí tì. Fúnmi fi etí tì í títí, jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìn ilé nìkan ló ń gbọ́. Ojú tì í láti sọ bẹ́ẹ̀. Bí Sístà bá bi í pé mélòó ló kà, á ní ogóje, iye tí ìwé ní ọkàn ọmọ inú oyún máa ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó tún kàn, ogóje. Lọ́jọ́ kẹrin, Sístà na gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Ó yá, ka tèmi."

Fúnmi tẹríba, ó gbé fèrè kalẹ̀. "Ogóje, Mà."

Sístà ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́ta. Kò bínú. Ó kàn dìde, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe, ó ní, "Bí o ò bá gbọ́, sọ pé o ò gbọ́." Láti ìgbà náà, "Mi ò gbọ́ o, Mà" ni Fúnmi ń wí lójoojúmọ́, Sístà á sì mú orí rẹ̀, á sún un sí ibi tó yẹ. Díẹ̀díẹ̀, etí rẹ̀ ń là.

Ọjọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀ ni Waheed, àgbẹ̀ kan tó ń dáko kòkó fún onílẹ̀ ní Araròmí-Obu, fi ọ̀kadà gbé Motún ìyàwó rẹ̀ dé. Oyún àkọ́bí ni. Fúnmi gbé fèrè sí ìsàlẹ̀ ikùn, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ń sún un lọ títí ó fi kọjá ìdodo, ibẹ̀ ló ti gbọ́ ọ, kíá-kíá, bí aago tí wọ́n fi aṣọ wé. Ó rò pé òun tún ti ṣì í, nítorí ìsàlẹ̀ ìdodo ni Sístà sábà máa ń sún orí òun sí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀, ó ń ronú ẹ̀rín tí wọ́n máa fi òun rín lọ́jọ́ ìkẹyìn. Lẹ́yìn náà ló lọ pe Sístà.

"Òkè ìdodo ni mo ti gbọ́ ọ, Mà. Ó lè jẹ́ èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n."

Sístà fi ọwọ́ méjèèjì wá ikùn Motún kiri. "Ìdí ló fẹ́ fi wá," ló wí nígbẹ̀yìn. "Lọ pe dókítà."

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Obìnrin ni ọmọ náà, igbe rẹ̀ sì dé ibi tí Waheed dúró sí pẹ̀lú bàtà oko lẹ́sẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, Sístà fọwọ́ sí ìwé tí ilé-ẹ̀kọ́ Fúnmi ní kí wọ́n kọ èsì iṣẹ́ rẹ̀ sí. Níbi tí wọ́n ti ní kí ó kọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ náà mọ̀ ọ́n ṣe jù, ó kọ ọ́ pé: "Ó mọ ìgbà tó yẹ kó pe ẹlòmíràn." Fúnmi kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ká ní oṣù méjì sẹ́yìn ni, ì bá sunkún. Ó ń wá ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ tí kò ní ṣi ohùn rẹ̀ pè nígbà tí Sístà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu ọ̀nà.

"Lọ fọwọ́," ló wí. "Ẹnì kan tún ti dé."

Àkókò iṣẹ́ Fúnmi ti parí. Ó lọ fọwọ́.