Gíga Ọmọ Kan Nínú Kọ̀ǹpútà Mi

Iṣẹ́ náà ti sú mi kó tó bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan tó ń rán yunifọ́ọ̀mù ní ọ̀nà Siluko ló ní kí n ṣe sọ́fítíwíà tí yóò máa bá òun rántí àwọn oníbàárà òun. Ọmọ ìlú kan náà ni wá, ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Ikpoba Hill la ti mọra, ta ni mo fẹ́ sọ fún pé mi ò ṣe? Mo ní kó lo èyí tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó ní àwọn yẹn ń béèrè orúkọ bàbá oníbàárà, òun ò sì mọ orúkọ bàbá ẹnì kankan. Ìyá Lágbájá, Ìyá Tàmẹ̀dò, bí òun ṣe mọ gbogbo wọn nìyẹn.

Mo ṣe é bó ṣe fẹ́. Orúkọ ọmọ ló wà lókè, ìyá rẹ̀ wà nísàlẹ̀, èjìká, àyà àti ìbàdí tẹ̀lé e. Tí ilé ìwé bá ti fẹ́ wọlé, ẹ̀rọ náà á fúnra rẹ̀ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ìyá ọmọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ní kí n tún un ṣe. Ìgbà kẹta, ó ní kí n fi gíga ọmọ kún un, láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kí òun lè fojú díwọ̀n bó ṣe máa ga tó lọ́dún tó ń bọ̀. Mo kùn títí. Obìnrin tó mọ orúkọ gbogbo ọmọ Siluko lórí, kò lè rántí páswọ́ọ̀dù kan ṣoṣo. Tó bá ti pè, àwọn ọmọ mi á pariwo pé, "Daddy, your uniform woman dey call o!" Orí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi.

Lọ́jọ́ kan, ó pè pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Oníbàárà rẹ̀ kan, olùkọ́ kan tó jẹ́ ọmọ Èkìtì, tó ń gbé ní Ekosodin, ti pàdánù àkọ́bí rẹ̀.

"Àbúrò mi, má jẹ́ ká fi orúkọ ọmọ yẹn pè é mọ́ o. Orúkọ àbúrò rẹ̀ ni ká máa lò."

Bá a ṣe ń ṣe nílé wa náà nìyẹn. Mo ní mo ti gbọ́. Mo yí bí a ṣe ń pe ìyá padà, mo pa kọ̀ǹpútà dé. Ojú ewé ọmọ náà gan-an, mi ò fọwọ́ kàn án. Ó rẹ̀ mí ni, mi ò ní àwíjàre mìíràn.

Nígbà tí ilé ìwé fẹ́ wọlé, ẹ̀rọ ṣe iṣẹ́ tí mo rán an. Ó kọ̀wé sí ìyá náà, ó dárúkọ ọmọ, ó ní, "Ọmọ yín á ti ga sí i. Ẹ mú un wá ká tún un wọ̀n."

Wọ́n pè mí sí ṣọ́ọ̀bù. Olùkọ́ náà jókòó, ó gbé fóònù lé itan. Obìnrin oníyunifọ́ọ̀mù wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Èmi náà dọ̀bálẹ̀. Ojú tì mí gan-an.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ̀bi mi ni. Màá yọ ọ́ kúrò báyìí."

"Ẹ dúró ná. Ìwọ̀n rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀?"

Mo ní ó wà.

"Ẹ kà á fún mi. Kí n tó ti ọsibítù dé, àwọn ẹbí ti kó gbogbo aṣọ rẹ̀ lọ. Wọn ò sì jẹ́ kí n mọ ibi tí wọ́n sin ín sí."

Mo kà á: èjìká, àyà, ìbàdí. Nígbà tí mo ka gíga rẹ̀, ó dìde, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìbàdí rẹ̀, bí ẹni tó gbé ọwọ́ lé orí ọmọ. Oníyunifọ́ọ̀mù yọ téèpù ọrùn rẹ̀, ó wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀, ó sì rọra gbé ọwọ́ náà sókè díẹ̀.

"Ibí ló ga dé, mà."

Olùkọ́ náà wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí. "Mo ti ń gbàgbé."