Eérú Òkè Oníná

Ìyá Oníná ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pe olùkọ́ kẹ́mísìrì wọn. Odindi ọdún méjìdínlógún ló fi ń kó ìyẹ̀fun kan tó pọ́n bí ọsàn jọ sórí àwo, tí á ṣáná sí i lórí. Ìyẹ̀fun náà á máa ta pàrà, á máa wú, á sì máa tú eérú aláwọ̀ ewé jáde bí òkè tó ń pọ iná. Àwọn ọmọ a máa gorí àga kí wọ́n lè rí i.

Lọ́dún yìí, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pè é, ó ní eérú yẹn ní májèlé, kó máa lo fíníga àti sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì.

Láti ọjọ́ náà ni ara rẹ̀ kò ti lélẹ̀ mọ́. Tó bá máàkì ìwé méjì, á dìde. Nílé, ó ń gbá ilé tó ti gbá tẹ́lẹ̀. Ọkọ rẹ̀ bi í pé kí ló ń lé e kiri, ó ní kò sí nǹkan kan. Ẹ̀rù ló ń bà á pé kíláàsì òun máa sú àwọn ọmọ.

Nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó lọ bá bàbá tó ń tọ́jú yàrá àyẹ̀wò kẹ́mísìrì, ó ní kó fún òun ní agolo ìyẹ̀fun náà, ẹ̀ẹ̀kan péré. Bàbá náà kò bá a jiyàn. Ó kàn ṣí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì hàn án. Awọ rẹ̀ ti sán, egbò wẹ́wẹ́ sì wà láàárín ìka.

"Tíṣà, ta lẹ rò pé ó ń gbá eérú yẹn?"

Tí aago bá ti lù, kíláàsì mìíràn ni Ìyá Oníná máa ń kọjá sí. Kò béèrè rí.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó lo fíníga. Ó hó díẹ̀, ó rọlẹ̀. Ọmọ kan yán lẹ́yìn. Ló bá da ọṣẹ olómi àti gbogbo sódà tó kù sí i, ni ìfófòó bá ṣàn bo tábìlì dé ilẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ òun ò rí ẹ̀rín rín.

Lọ́jọ́ Ajé, ó mú bàbá náà lọ sílé ìwòsàn. Kò lè jókòó. Ó ń rìn síwá sẹ́yìn, ó ń ka gbogbo ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, títí bàbá náà fi bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ fìdí mọ́lẹ̀. Dókítà ní ọwọ́ náà máa sàn, ṣùgbọ́n ó máa pẹ́.

Ìyá Oníná béèrè pé oṣù mélòó. Dókítà ní òun ò lè sọ.